Ohun Tí A Tò Kì Í Kú: Ìtàn Mọ́tò Oní-rìmóòtù Inú Páálí

Nígbà tí wọ́n bá ní kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí ìtàn, ọba, ogun àti òṣèlú ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré lọ bá. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìtàn kò fi ààfin nìkan ṣe ilé. Ó wà nínú ọlọ tí ìyá àgbà fi ń lọ ata, ó wà nínú ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti dípẹtà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó sì wà nínú ohun ìṣeré pẹ̀lú. Ohun ìṣeré kan ni mo fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ síbí: mọ́tò kékeré tí à ń fi rìmóòtù darí, irú èyí tí wọ́n ń tà nínú páálí láìtíì tò ó, tí ẹni tó rà á yóò jókòó tò ó fúnra rẹ̀. Kíìtì ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń pè é, kíìtì náà ni èmi yóò sì máa pè é.

Ìbéèrè kan wà tó ti dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ra kíìtì jọ káàkiri ayé, awuyewuye náà sì ti dé inú ẹbí tiwa. Bí wọ́n bá ṣe ohun kan pé kí á fọwọ́ ara wa tò ó, ṣé kí á tò ó kí á sì máa lò ó ni, àbí kí á fi pa mọ́ kí ó má baà bàjẹ́? Èwo nínú méjèèjì ló ń mú kí ó pẹ́ láyé? Mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé mi pé kí ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n tó dáhùn.

Ẹni tó bá ṣí páálí kíìtì kò ní bá mọ́tò níbẹ̀. Ohun tí yóò bá ni àwọn férémù ike tí páàtì kéékèèké so mọ́ bí èso ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka igi, àwọn ọ̀rá tí nọ́ọ̀tì àti gíà wà nínú wọn, táyà mẹ́rin, ẹ̀rọ oníná kékeré kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyin adìyẹ, ìdérí mọ́tò, bébà àmì aláràbarà tí a ó lẹ̀ mọ́ ọn lára, àti ìwé ìtọ́sọ́nà. Àwòrán ló pọ̀ jù nínú ìwé náà, nítorí náà ọmọ tí kò gbọ́ èdè àwọn tó ṣe é lè tẹ̀ lé e. Rìmóòtù àti bátìrì sábà máa ń wà lọ́tọ̀, ẹni tó ra kíìtì yóò tún wá owó wọn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Bí ọwọ́ bá ti yí rìmóòtù, ìgbì rédíò yóò gbé àṣẹ náà gba inú afẹ́fẹ́ lọ bá ẹ̀rọ agbàṣẹ tó wà nínú mọ́tò. Ẹ̀rọ agbàṣẹ yóò fi ránṣẹ́ sí apá kékeré kan tó ń yí táyà iwájú sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Nínú àwọn ti àtijọ́, apá kejì wà tó ń pinnu bí iná bátìrì tó ń lọ sínú ẹ̀rọ yóò ṣe pọ̀ tó, ìyẹn ni pé òun ló ń sọ bóyá mọ́tò yóò sáré tàbí yóò rọra.

Orí omi ni irú ìdarí yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1898, Nikola Tesla, ògbóǹtarìgì onímọ̀ iná mànàmáná, gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wá sí gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní New York. Ó gbé e sínú omi, ó sì ń darí rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, láìsí wáyà kankan láàárín wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà, nọ́ńbà rẹ̀ ni 613,809. Tesla kò fi mọ sórí ọkọ̀ ojú omi nínú ìwé yìí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀nà yìí wà fún ọkọ̀ yòówù tó bá ń rìn.

Kí ló wá dé tí ọmọdé kò fi rí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ fi ṣeré títí ó fi lé ní ọgọ́ta ọdún? Ohun tó fà á ni ìwúwo. Àwọn rédíò ìgbà náà ń lo gíláàsì tó ń gbóná, tó sì ń jẹ iná púpọ̀, kò sì sí bí a ṣe lè kó wọn sínú mọ́tò tí ọmọdé lè gbé. Ní ìparí ọdún 1947 ni àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà ṣe transistor, ohun kékeré tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gíláàsì wọ̀nyẹn. Láti ìgbà náà ni rédíò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, títí ó fi dé ohun tí ó lè wọ àpò.

Ní ọdún 1966, ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Reggio Emilia ní orílẹ̀-èdè Ítálì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Elettronica Giocattoli, gbé mọ́tò Ferrari 250 LM kékeré kan jáde tí rìmóòtù ń darí. Ìdá kan nínú ìdá méjìlá mọ́tò gidi ni títóbi rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní ọjà ni. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará ìlú ọba àti àwọn ará Amẹ́ríkà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Àmọ́ ìlú tí orúkọ kíìtì wá rọ̀ mọ́ jù lọ ni Shizuoka ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù.

Ìlú gbẹ́nàgbẹ́nà ni Shizuoka látijọ́. Wọ́n ní àwọn oníṣẹ́ ọnà igi tí wọ́n kó jọ láti kọ́ ojúbọ Sengen kò padà sílé mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ wọn ní iṣẹ́. Ní ọdún 1946, ọdún kan lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọ̀gbẹ́ni Yoshio Tamiya dá ilé ìlagi sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1951, iná jó ilé ìlagi náà, ó sì jó igi tó wà níbẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kì í ṣe ojú ẹsẹ̀ ni ẹwà náà dé. Tamiya fi pákó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì gbájú mọ́ ọkọ̀ ìṣeré tí wọ́n ń fi igi gbẹ́, èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ìlagi. Nígbà tó fi di ọdún 1953, ohun ìṣeré nìkan ló ń ṣe.

Kò pẹ́ tí ike fi dé láti òkè òkun, tí àwọn ọmọ kò sì fẹ́ ti igi mọ́. Ní ọdún 1960 ni Tamiya ṣe ọkọ̀ ojú omi ogun Yamato, ike àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe. Owó gọbọi ni wọ́n ná sórí irin tí wọ́n fi ń da ike, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ mìíràn gbé irú ọkọ̀ kan náà jáde ní owó tó dínkù, ti Tamiya kò sì tà bí wọ́n ṣe rò. Ọmọ Yoshio, Shunsaku Tamiya, kò jẹ́ kí ó sú òun. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀ Panther ti àwọn ará Jámánì ni wọ́n tún ṣe, wọ́n fi ẹ̀rọ sí i nínú kí ó lè máa rìn, ó sì tà wàràwàrà.

Ohun kan wà nípa Panther yìí tó dùn mọ́ mi púpọ̀. Títí di òní, ìdá kan nínú ìdá márùndínlógójì ni ìwọ̀n tí àwọn ilé iṣẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ ń fi ṣe ọkọ̀ ogun kékeré. Ta ló yan nọ́ńbà yẹn? Bátìrì ni. Shunsaku sọ pé àwọn ṣe Panther kí ó gba bátìrì méjì, nígbà tí òun sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló bọ́ sí. Báyìí ni ohun kékeré kan nínú ikùn ohun ìṣeré ṣe di òfin fún gbogbo ayé.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe mọ́tò Porsche, Shunsaku kò fi àwòrán nìkan ṣe é. Ó ra Porsche 911 gidi, ó sì tú u palẹ̀ kí ó lè rí bí wọ́n ṣe tò ó. Títú rọrùn, ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò tó láti tò ó padà, ọwọ́ wọn kò ká a, ó di kí wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn tó mọ iṣẹ́ Porsche wá. Ní ọdún 1976 ni kíìtì oní-rìmóòtù àkọ́kọ́ ti Tamiya jáde, Porsche 934 ni. Ó lé ní 100,000 tí wọ́n tà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mọ́tò oní-rìmóòtù kúrò ní ohun ọlọ́rọ̀, ó di ohun tí ọmọ òṣìṣẹ́ lè máa tọ́jú owó dè.

Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú nìkan ni Porsche náà lè sá. Ní ọdún 1979 ni Rough Rider àti Sand Scorcher dé, àwọn tó lè gba inú iyanrìn àti òkúta kọjá. Mọ́tò tí a mọ̀ sí Ìjàpá nílẹ̀ wa, ìyẹn Volkswagen, ni ìdérí Sand Scorcher jọ. Ní ọdún 1981 ni Toyota Hilux dé, ó ní gíà mẹ́ta bí ọkọ̀ gidi. Ní ọdún 1984 ni Grasshopper àti Hornet jáde. Ẹlẹ́ńgà ni ìtumọ̀ orúkọ ti àkọ́kọ́, agbọ́n sì ni ìtumọ̀ ti èkejì. Wọn kò wọ́n púpọ̀, wọ́n lágbára, ọmọdé sì lè tò wọ́n. Ní ọdún 1984 yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ Associated ní Amẹ́ríkà gbé RC10 jáde fún àwọn tó ń fi eré sísá díje. Nígbà tí wọ́n sì ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún mọ́tò orí iyanrìn ní Del Mar, ní California, ní ọdún 1985, RC10 ló gba ipò kìíní láàárín àwọn tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń tì.

Àwọn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde káàkiri ìlú ọba, Amẹ́ríkà àti Jàpáànù. Ìṣòro kan tí wọ́n ní ni pé bí mọ́tò méjì bá ń lo ìgbì rédíò kan náà, àṣẹ ẹnì kan yóò máa darí mọ́tò ẹlòmíràn. Nítorí náà, àwọ̀ ni wọ́n fi dá ìgbì kọ̀ọ̀kan mọ̀. Pátákó kan wà ní ibi eré, ẹni tó bá fẹ́ tan rìmóòtù rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ mú àmì àwọ̀ rẹ̀ lórí pátákó náà. Bí ó bá lọ tí kò bá a níbẹ̀, á jẹ́ pé ẹnì kan ti ń lo ìgbì yẹn, yóò dúró de ìgbà tirẹ̀. Mo fẹ́ràn ètò yìí: ọmọdé ń kọ́ bí a ṣe ń bá ẹlòmíràn pín ohun tí ojú kò rí.

Ẹ lè máa bi mí pé kí ló kan ilẹ̀ wa níbẹ̀. Ní àkókò tí àwọn ọmọ Jàpáànù ń to Porsche kékeré lórí tábìlì, àwa náà ń to mọ́tò, mọ́tò gidi ni tiwa. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Èkó, ọdún yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Inú àpótí ni páàtì ti ń wá láti òkè òkun, àwọn òṣìṣẹ́ wa a sì tò wọ́n pọ̀. Kíìtì ńlá ni, bí a bá rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tí owó òkè òkun sì di ọ̀wọ́n gógó, páàtì kò wọlé bí ó ṣe yẹ mọ́, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ilé iṣẹ́ náà. Àwọn Ìjàpá tó ti wà lójú títì kò kú lọ́jọ́ kan náà. Àwọn mẹ́káníìkì wa ń fi páàtì tòkunbọ̀ gbé wọn ró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ti àwọn ọmọdé, agolo mílíìkì àti agolo sàdíìnì ni wọ́n fi ń ṣe mọ́tò tiwọn, àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó ni wọ́n ń gé ṣe táyà. Bàbá mi sọ fún mi pé òun ṣe mẹ́ta, okùn sì ni rìmóòtù òun.

Ní àkókò yìí kan náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Mókọ́lá nítorí pé Mókọ́lá ní Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú ọba. Wọ́n fi owó tí wọ́n rí níbi iṣẹ́ ìgbà ìsinmi ra kíìtì Hornet. Àwọn àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé ló tò ó ní òru mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wá sílé ní ọdún 1988, wọ́n ra èkejì. Wọn kò ṣí ìyẹn. Wọ́n ní bí àwọn bá bí ọmọ, àwọn àti ọmọ náà ni yóò jọ tò ó.

Agbọ́n ni a ń pe èyí tí wọ́n tò. Ó sá lórí ilẹ̀ Mókọ́lá títí iyanrìn fi wọ inú àpótí gíà rẹ̀ tó sì jẹ eyín gíà kan tán. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè rí òmíràn rà nígbà náà. Wọ́n wá a dé Àgódì Gate níbi tí wọ́n ń ta páàtì mọ́tò, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ kàn rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí tí wọn kò ṣí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Agbọ́n yìí ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ káàkiri ayé. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ọmọ yíjú sí géèmù orí tẹlifíṣọ̀n. Mọ́tò oní-rìmóòtù tí wọ́n ti tò tán láti ilé iṣẹ́ tún ń pọ̀ lọ́jà, ọmọ kò nílò láti mú síkúrúdíráfà lọ́wọ́ mọ́. Àwọn kíìtì àtijọ́ wọ àjà, àwọn mìíràn wọ ààtàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọdún 1984 dàgbà, wọ́n rí iṣẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí wọ́n fi ṣeré ní kékeré tàbí ohun tí àwọn òbí wọn kò lè rà fún wọn. Báyìí ni ríra kíìtì jọ ṣe di ohun tí àgbà ń ṣe.

Àwọn tó ń rà á jọ ní òfin tiwọn. Páálí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí ló níye lórí jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ṣí ṣùgbọ́n tí páàtì rẹ̀ ṣì wà lára férémù. Wọn yóò wo páálí bóyá oòrùn ti jẹ àwọ̀ rẹ̀, wọn yóò wo ìwé ìtọ́sọ́nà, wọn yóò wo bébà àmì bóyá ó ti di pupa rúsúrúsú. Ìdí ni pé ohun tí wọ́n ṣe kí á tò kì í sábà ṣẹ́ kù láìtò. Bí inú àwọn ọmọ ṣe dùn tó sí kíìtì kan nígbà náà ni àìtò rẹ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n tó lónìí.

Ní ọdún 2004, Tamiya ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kò retí: wọ́n tún Hornet gbé jáde. Ní ọdún 2005 wọ́n tún gbé Grasshopper jáde, ní ọdún 2010 ó kan Sand Scorcher. Ibẹ̀ ni awuyewuye ti bẹ́ sílẹ̀. Inú àwọn kan tó ti ná owó ńlá sórí páálí àtijọ́ kò dùn, nítorí ohun tó ṣọ̀wọ́n lánàá ti wà lórí àtẹ lónìí. Inú àwọn tó fẹ́ wa mọ́tò wọn dùn gidigidi. Ìyàtọ̀ ṣì wà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wò: nọ́ńbà ara páálí Hornet àkọ́kọ́ ni 58045, ti ọdún 2004 ni 58336. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù fún àwa ni pé ọ̀pọ̀ páàtì tuntun wọ̀nyí wọ ara mọ́tò ọdún 1984 rẹ́gí. Ilé iṣẹ́ tó bá tún kíìtì àtijọ́ ṣe ti tún páàtì rẹ̀ ṣe nìyẹn.

Ní èṣí, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá Mókọ́lá. Ọwọ́ ọ̀tún wọn kò gbọ́ràn mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n máa wá ṣe ìtọ́jú ọwọ́ náà lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin kan láti Èkó tó ń ra kíìtì jọ ti gbọ́ nípa páálí orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní òun yóò rà á ní owó gidi, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti fọwọ́ kan ìdè rẹ̀.

Ìyá mi lọ bá wọn. Wọ́n ní, “Bùọ̀dá mi, ẹ má bínú sí mi. Ọdún mélòó ni páálí yìí ti ń wò yín látòkè? Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀ wá ṣiṣẹ́.”

Bàbá Mókọ́lá dáhùn pé, “Ọmọ mi ni mo rà á dè.”

Ọmọ wọn náà ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún, Manchester ló ń gbé. Wọ́n pè é lórí fóònù lójú gbogbo wa. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Dádì, ẹ tà á. Agbọ́n ni mo rántí. N kò rántí páálí.” Bàbá Mókọ́lá kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní kí wọ́n pe ọkùnrin ará Èkó náà. Owó páálí yẹn san ìtọ́jú oṣù mẹ́rin.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ọmọ wọn fi ọ̀rá kékeré kan rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Gíà tuntun ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà ìsinmi ni, mo wà ní Mókọ́lá. Wọ́n ní kí n gbé Agbọ́n sọ̀kalẹ̀, kí n sì tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kí nọ́ọ̀tì má baà sọnù. Ọwọ́ mi ló ṣiṣẹ́, ẹnu wọn ló ń darí. Mo tú àpótí gíà, iyanrìn Mókọ́lá ti ọjọ́ pípẹ́ dà jáde. Mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, mo gbẹ ẹ́, mo fi gíà tuntun sí i, mo fi gírísì díẹ̀ pa á. Nígbà tí mo ń dè é padà, wọ́n ní, “Rọra. Ike ni, kì í ṣe irin. Ìgbà tó bá kọ́kọ́ dì mọ́ ọ lọ́wọ́ ni kí o dúró.” Bátìrì àtijọ́ ti kú, a ra tuntun. Rìmóòtù ìgbà náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Bàbá Mókọ́lá fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́, Agbọ́n sì fò jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn adìyẹ sá.

Láti inú gbogbo èyí ni mo ti rí ìdáhùn mi. Èmi kò lè bá ẹni tó fi páálí pa mọ́ jà. Páálí tí wọ́n fi pa mọ́ ni ẹ̀rí bí ohun náà ṣe rí ní ọjọ́ tó jáde, ó sì tún ran arúgbó kan lọ́wọ́ nílé wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí nìkan kọ́ ni ohun tí a tò. Ó nílò nǹkan méjì kí ó tó lè pẹ́ láyé: ẹni tó ń ṣe páàtì rẹ̀, àti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Agbọ́n sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí gíà kan ṣoṣo. Nígbà tí gíà náà dé tán, bí kò bá sí ẹnu àgbà tó mọ ibi tí ó ń wọ̀, yóò ṣì máa sùn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Èkó àti ní Kàdúná dẹnu kọlẹ̀ nígbà tí ọ̀nà páàtì dí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa kò gbàgbé iṣẹ́. Shizuoka ní méjèèjì, òun ni orúkọ rẹ̀ ṣe ń dún láti ayé ilé ìlagi títí di òní.

Shunsaku Tamiya kú ní oṣù keje ọdún 2025, ní ẹni 90 ọdún. Àwọn ọmọ tó ti di bàbá àti ìyá ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló dárò rẹ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ fún wọn ju ohun ìṣeré lọ: ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ohun tí ènìyàn tò, ènìyàn lè tú u wò, kí ó sì tún un tò.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ yín bá tú rédíò tàbí fáànù tó ti bàjẹ́ palẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè fi ẹgba kí i. Ẹ bá a wá aṣọ funfun tí yóò tẹ́ sílẹ̀ kí nọ́ọ̀tì má baà sọnù. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mọ́tò agolo tí àwọn ọmọ kíláàsì kékeré ń wọ́ kiri tó ohun tí a lè fi kọ́ wọn ní gíà, òṣùwọ̀n àti ìtàn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àgbà kan wà nílé yín tó mọ bí wọ́n ṣe ń to nǹkan kan, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, aago tàbí òfì. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ mú síkúrúdíráfà lọ́wọ́, kí ẹ sì bi wọ́n níbi tí gíà ń wọ̀, nígbà tí ẹnu wọn ṣì lè sọ ọ́.